Ọkọ̀ Rẹpẹtẹ Kọ́ Ló Ń Mówó Wá Nínú OpenTTD

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Ṣómólú, àbúrò mi gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ ti fà ro. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Bọ́ọ̀sì méjìdínlógún ni mo rà, owó mi ṣì ń lọ sílẹ̀ ni." Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. OpenTTD ló ń ṣe, géèmù tí èèyàn ti ń ní iléeṣẹ́ ọkọ̀, tó ń fi kó èrò àti ẹrù. Àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tò láti ẹnu ibùdókọ̀ títí dé ìkóríta, bí danfo ṣe máa ń tò ní Ojúẹlẹ́gba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ti iwájú ń kó èrò mẹ́ta, mẹ́rin. Ti ẹ̀yìn ò rí ẹnì kankan kó.

Ohun tó gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí: pé bí ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó máa pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì máa ń dùn mí tí ẹni tó lè gbádùn rẹ̀ bá tìtorí ẹ̀ pa á tì. Ọ̀fẹ́ ni OpenTTD. Ọdún 2004 ló jáde, orí géèmù Transport Tycoon Deluxe ti ọdún 1995 ni wọ́n gbé e kà, kọ̀ǹpútà àlòkù tẹ́ ẹ bá rà n'Íkẹjà sì máa gbé e dáadáa.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá. L'Ékòó, ẹni tó ní danfo mẹ́wàá lówó ju ẹni tó ní ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ẹ wo bí owó yẹn ṣe ń dé ọwọ́ rẹ̀: iye tí dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, iye yẹn ni, ì báà sí gó-síló láti Òṣòdì títí dé Mile 2. Epo tó jó dànù, èrò tí kò wá, dẹ́rẹ́bà ló ń ru ú. Nínú géèmù, kò sí dẹ́rẹ́bà tẹ́ ẹ máa di ẹrù yẹn rù. Ẹ̀yin ni ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin náà ni dẹ́rẹ́bà.

Iye ẹrù tàbí èrò tí ọkọ̀ gbé, bí ibi tó gbé e lọ ṣe jìn tó, àti ọjọ́ tó lò lójú ọ̀nà: orí nǹkan mẹ́ta yìí ni géèmù ti ń ṣírò owó. Jíjìn yẹn, láti ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, kì í ka kọ́nà tẹ́ ẹ gbà. Ṣé dẹ́rẹ́bà tó gbé èrò ní Yábà, tó wá lọ yí gba Orílé kó tó dé Ọbáléndé, lè ní kí wọ́n fowó lé e nítorí yíyí tó yí? Ti ọjọ́ ló sì mú èrò le ju èédú lọ. Owó èrò ti ń já wálẹ̀ látìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Èédú lè pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà kí owó rẹ̀ má já.

Ẹ wá fi wo bọ́ọ̀sì méjìdínlógún yẹn. Èrò tí ìlú kékeré náà ní kò pọ̀ sí i torí pé ọkọ̀ pọ̀, ṣe ni wọ́n ń pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tó rí èrò kó há sẹ́yìn àwọn tó ṣófo, owó èrò inú rẹ̀ ń já bó ṣe há síbẹ̀. Èyí tó sì dúró lórí ìlà, owó ìtọ́jú ẹ̀ ń lọ bí ẹni pé ó ń sáré. Tẹ́ ẹ bá gbé e wọ ibi àtúnṣe ọkọ̀, tẹ́ ẹ pa á síbẹ̀, owó yẹn á dúró.

Òótọ́ ni pé bí ọkọ̀ bá ń yà síbi kan déédéé, ibẹ̀ á máa mú èrò tàbí ẹrù wá dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀ tó ń kó o ní gbogbo ìgbà, ìkẹta àti ìkẹrin ò fi nǹkan kan tó tó nǹkan kún un mọ́. Nọ́ńbà tó wà ní ibùdókọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí ohun tó ń dúró níbẹ̀ bá ń ga sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní ti kó tiẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan kún un. Ẹyọ kan péré.

Ti gbèsè kò gba àlàyé púpọ̀. £100,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún yín, ẹ̀yáwó ni, ẹ má kánjú san án. Èlé rẹ̀ kéré sí ohun tí ọkọ̀ ojú irin kan tó ń kó èédú dáadáa máa mú wọlé.

A ṣí ìwé tó to gbogbo ọkọ̀ àbúrò mi nínú géèmù. Àmì pupa wà lára èyí tó pàdánù, yẹ́lò lára èyí tó rí èrè díẹ̀, àwọ̀ ewé lára èyí tó pa owó gidi. Pupa ni mẹ́tàlá. A tà wọ́n. A darí márùn-ún tó kù sí ìlú tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, a wá fi owó yòókù tẹ́ rélùwéè kan láti ibi ìwakùsà èédú dé ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, a ní kí ọkọ̀ rẹ̀ má kúrò níbi ìwakùsà àfi tó bá kún.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú géèmù, ó tún pè mí. Rélùwéè ti di àwọ̀ ewé, bọ́ọ̀sì mẹ́rin yẹ́lò. Ọ̀kan ṣì pupa, àbúrò mi sì ti ń fa àwòrán ìlú náà síwá sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí bọ́ọ̀sì náà há sí.