Ọ̀rọ̀ Orí Ìlà Ni Agbára Concept Map, Kì í Ṣe Àpótí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti olùkọ́ pàápàá, ló gbà pé bí ènìyàn bá ti kọ orúkọ nǹkan sínú àpótí mélòó kan, tí ó fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, tí ó sì kùn ún ní àwọ̀ tó dùn ún wò, ó ti ya concept map nìyẹn, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí èrò kan ṣe so mọ́ èkejì, ohun tó ń kọ́ sì ti yé e. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí ìlà ni iṣẹ́ gan-an wà, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá.

Ní ọdún 1972, Joseph Novak àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, ń tọpa bí òye àwọn ọmọdé nípa sáyẹ́ǹsì ṣe ń yí padà bí wọ́n ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ náà pọ̀ débi pé ó ṣòro láti rí ìyípadà náà nínú rẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í to òye ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, èrò kan pẹ̀lú èkejì àti ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Èyí ni a wá ń pè ní concept map. Mind map tí òǹkọ̀wé kan, Tony Buzan, sọ di gbajúmọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ohun kan ló ń wà láàárín tiẹ̀, ẹ̀ka ń yọ lára rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ìlà sọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ibà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ oòrùn, omi àdágún, ẹ̀fọn àti ibà sínú àpótí mẹ́rin, kí ó fa ìlà láàárín wọn, kí ó sì gba máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ àpótí méjì di gbólóhùn kan. Ẹ̀fọn “ń yé ẹyin sínú” omi àdágún: ìyẹn rọrùn. Bí ó bá dé àárín ẹ̀fọn àti ibà, yóò rí i pé àpótí kan ṣì kù, èyíinì ni kòkòrò àìfojúrí Plasmodium, tí abo ẹ̀fọn Anopheles ń gbé láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Bí ó bá wá kọ “ń fa” sáàárín oòrùn àti ibà, olùkọ́ ti rí ohun tó yẹ kí ó tún kọ́ ọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé iṣẹ́ inú oòrùn ló ń fa ibà. Ìlà lásán ìbá ti bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀.

Ìwádìí tí Olugbemiro Jegede, Peter Okebukola àti akẹgbẹ́ wọn kan tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì ní Nàìjíríà tí wọ́n lo ọ̀nà yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn tẹ́tí sí olùkọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní 2011, àwọn olùṣèwádìí méjì, Karpicke àti Blunt, rí i pé àwọn tí wọ́n ya concept map nígbà tí ìwé wà níwájú wọn kò rántí ẹ̀kọ́ náà tó àwọn tí wọ́n gbé ìwé tì, tí wọ́n sì fi ọpọlọ wá a jáde. Nítorí náà, mo rọ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó pa ìwé dé kí ó tó yà á, kí ó ṣí i lẹ́yìn náà láti ṣàtúnṣe.

Bákan náà ni ti ìgbèrò iṣẹ́. Kí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbógun ti ibà ládùúgbò kọ ìbéèrè wọn sókè ìwé ná: “Báwo ni a ó ṣe dín ẹ̀fọn kù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?” Bí wọ́n bá fa ìlà láti “onílé” dé “gọ́tà”, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sórí rẹ̀? Ṣé “yóò gbá” ni, àbí “yóò sanwó fún gbígbá”? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tó yẹ kí ó wáyé kí owó tó jáde ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò tán, kí wọ́n wá kọ ọjọ́, iye owó àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mìíràn, torí concept map kì í sọ ìyẹn.