Ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn gíláàsì ní Abbey Road

Ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ Abbey Road jẹ́ àkójọ ìwé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìtàn àtẹnudẹ́nu tí àwọn ẹnjiníà ohùn, àwọn tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi sílẹ̀ nípa iṣẹ́ wọn ní stúdíò ilé-iṣẹ́ EMI tó ń ṣe àwo orin, tó wà ní ojúlé 3, Abbey Road, ní àdúgbò St John's Wood nílùú London. Edward Elgar, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí ẹgbẹ́ olórin London Symphony Orchestra níbi ìṣílé stúdíò náà ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1931. Orúkọ EMI ni stúdíò náà ń jẹ́ títí wọ àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí àwo orin tí ẹgbẹ́ Beatles gbé jáde lọ́dún 1969 ti sọ orúkọ òpópónà náà di ìlú-mọ̀ọ́ká.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn nínú ìrántí wọn ni pé ọ́fíìsì ìjọba ni ibẹ̀ jọ ju ilé olórin lọ. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ ọjọ́ sí: aago 10 àárọ̀ sí aago 1, aago 2:30 sí 5:30, àti aago 7 sí aago 10 alẹ́. Kóòtù funfun bíi ti dókítà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wọ̀, àwọn tó ń gbé ẹrù ń wọ búráùn, ẹnjiníà tó ń to ohùn pọ̀ sì ń de táì. Ọmọdé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó téèpù sí, kó di igbákejì ẹnjiníà tó ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ téèpù, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn sára àwo, kí wọ́n tó gbà á láyè láti fọwọ́ kan tábìlì ìdarí ohùn. Ọ̀nà yìí ni Ken Scott gbà, ẹni tó wọlé ní 1964 lọ́mọ ọdún 16.

Geoff Emerick, tó wọlé ní 1962 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ni ìrántí rẹ̀ lókìkí jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, lẹ́yìn tí Norman Smith, ẹnjiníà Beatles tẹ́lẹ̀, kúrò nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n fi Emerick ṣe ẹnjiníà Beatles. Ọmọ 20 ọdún ni. Òfin EMI kò fàyè gbà kí máíkì sún mọ́ ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, kí agbára afẹ́fẹ́ ìlù náà má bàa ba máíkì jẹ́. Emerick gbé máíkì sún mọ́ ọn, ó sì ki súwẹ́tà onírun àgùntàn kan tó ní ọrùn mẹ́rin bọ inú ìlù náà, kí ìró rẹ̀ má bàa fà gùn. Ohùn tó jáde dún kì, bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ǹtì jábọ́. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, àwọn ọ̀gá kọ lẹ́tà láti fún un láyè, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ Beatles nìkan. Ká ní kò sí ìtàn mìíràn, lẹ́tà yìí tó láti fi mọ irú ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, John Lennon, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, ń ráhùn pé ó sú òun láti máa kọ orin kan lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn òun lè nípọn. Ken Townsend, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, so ẹ̀rọ téèpù méjì pọ̀, débi pé ohùn kejì ń tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí fi ń gbọ́ ẹni kan bí ẹni méjì. Townsend padà di ọ̀gá àgbà stúdíò náà.

Ìwé ìrántí wọ̀nyí kò jáde lásìkò kan náà. Ti George Martin, tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ Beatles, jáde ní 1979, ti Emerick ní 2006, ti Smith ní 2007, ti Scott ní 2012. Ìrántí ogójì ọdún kì í ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́, Scott sì wà lára àwọn tó sọ ní gbangba pé àwọn nǹkan kan nínú ìwé Emerick kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àríyànjiyàn bá ti dé, ìwé tí Mark Lewisohn, òpìtàn Beatles, kọ ní 1988 ni ọ̀pọ̀ ń wò, nítorí pé ó fi ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ wé téèpù àti ìwé iṣẹ́ EMI fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìwé iṣẹ́ a máa sọ ọjọ́ àti orúkọ ẹnjiníà. Kò lè sọ pé súwẹ́tà wà nínú ìlù.

Ìrántí Emerick dé Èkó pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ó bá Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, lọ sí stúdíò EMI ní Apápá láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti bá ẹ̀rọ téèpù olójú-ọ̀nà 8 (tó lè gba ohùn mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) àti àwọn máíkì tí wọ́n kó sínú páálí. Fẹlá, tó ti gba ohùn sílẹ̀ ní Abbey Road fúnra rẹ̀ ní 1971, fẹ̀sùn kan McCartney pé orin Áfíríkà ló wá jí. McCartney ní kó wá gbọ́ téèpù náà. Àwọn adigunjalè dá McCartney àti Linda, ìyàwó rẹ̀, lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ ká àwọn orin náà sí, tó fi di pé orí ni wọ́n ti ń wá wọn jáde. London ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà, àwo ọ̀hún sì gba ẹ̀bùn Grammy ti ẹnjiníà fún Emerick.