Ìdí Tí Àwọ̀ Ara àti Ìkarahun Fi Ń Yí Padà

Awọ ara jẹ́ ohun alààyè, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ẹ̀ fi lè yí lónìí kó tún padà lọ́la, yálà oòrùn ló fà á, ìbínú, oúnjẹ àbí àìsàn. Ìkarahun ò rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ tó bá ti mú ti mú un náà nìyẹn, àfi kó ṣá, kó bó tàbí kí iná yí i padà.

Ẹni tó bá ti gbé Ilé-Ifẹ̀ rí á ti rí i lára alángbá. Láàárọ̀ kùtù tí òtútù ṣì ń mú, akọ tó wà lórí fẹ́ǹsì á rí bí eérú, tí oòrùn bá wá yá a lára tán, orí ẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, ara ẹ̀ á dúdú bí aró, á wá máa mi orí káwọn akọ yòókù lè mọ̀ pé òun ló nibẹ̀. Tí òmíì bá bá a jà tó ṣẹ́gun ẹ̀, kíá làwọ̀ yẹn máa ṣá.

Agẹmọ náà, tí ìtàn Ifẹ̀ ní òun ni wọ́n rán wá tẹ ilẹ̀ wò níwáṣẹ̀, kì í kàn gba àwọ̀ aṣọ tí wọ́n bá gbé e lé, bí wọ́n ṣe sọ fún ọ̀pọ̀ wa ní kékeré. Lọ́dún 2015 làwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Geneva yẹ irú kan tó wá láti Madagascar wò, wọ́n rí i pé abẹ́ awọ ẹ̀ kún fún ẹ̀rún wínníwínní tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Tí ara agẹmọ náà bá balẹ̀, àwọn ẹ̀rún yẹn á sún mọ́ra, á rí bí ewé tútù, tára ẹ̀ bá gbóná sí akọ míì àwọn ẹ̀rún yẹn á jìnnà síra, yẹ́lò àti pupa á yọ.

Edé tútù kì í sábà pupa, ìgbà tá a bá sè é ni ìkarahun ẹ̀ ń pọ́n. Pupa ọ̀hún ti wà lára ẹ̀ látinú ohun tó ń jẹ lómi, pùrótéènì kan ló bò ó, iná ló ń tú u sílẹ̀.

Ètè ìkarahun ni ìgbín ti ń kọ́lé ẹ̀ gùn sí i, ibẹ̀ náà ló ti ń fi àwọ̀ sí i. Ẹ wo ṣóńṣó ìgbín àgbà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkè ẹ̀ ti ha dànù, abẹ́ ẹ̀ funfun bí ẹfun.

Tèèyàn, melanin ni, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ ara wa ní àwọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é lára ẹni dúdú àti ẹni pupa ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bó ṣe ń ṣe é tó ló yàtọ̀, tí oòrùn bá sì ń pa wá ó máa ń ṣe é sí i kó lè dáàbò bò wá. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ pé ọmọ tuntun á ṣì dúdú sí i, etí ẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Àfín, tí Ifẹ̀ ń pè ní ẹni òrìṣà torí Ọbàtálá, sẹ́ẹ̀lì yẹn wà lára tiẹ̀ náà, iṣẹ́ ni ò lè ṣe dáadáa. Bàbá àti ìyá lè dúdú kí àwọn méjèèjì gbé e pamọ́ sára, oyún kọ̀ọ̀kan wọn á sì ní àǹfààní 1 nínú 4 láti jẹ́ àfín. Fìlà àti aṣọ alápá gígùn ṣe pàtàkì fún un gan-an, torí jẹjẹrẹ awọ ara. Ẹni tó ń bóra ń lé melanin yìí kan náà dànù ni, tó bá sì pẹ́, ojú ẹ̀ lè dúdú kọjá ti tẹ́lẹ̀.

Tí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí epo, ìyẹn kì í ṣe ti melanin, ibà pọ́njú ni, ẹ tètè gbé e lọ sọ́síbítù. Ẹ má sì kó káfúrà sínú aṣọ ẹ̀, torí àwọn ọmọ kan wà tí òórùn ẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ojú wọn á fi pọ́n bẹ́ẹ̀.