Wíwú àti Sísúnkì Igi

Wíwú àti sísúnkì igi ni ìyípadà tó máa ń dé bá ìbú àti ìnípọn pákó nígbà tó bá fa omi mu tàbí tí omi bá gbẹ lára rẹ̀. Irin, gíláàsì àti kọnkéré náà ń fẹ̀, wọ́n sì ń súnkì, ṣùgbọ́n ooru àti òtútù ló sábà ń ṣe tiwọn. Ti igi yàtọ̀: omi ni. Pákó tútù tí a bá sá sóòrùn kì í fẹ̀, ńṣe ló ń súnkì, nítorí ohun tí gbígbẹ omi ń dín kù lára rẹ̀ ju ohun tí ooru ń fi kún un lọ.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní omi oríṣi méjì. Ọ̀kan wà nínú ihò sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di igi, èkejì wọ inú ògiri sẹ́ẹ̀lì lọ. Ti inú ihò ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Igi á fúyẹ́, àmọ́ kò ní súnkì. Ìgbà tí omi bá ku nǹkan bíi 28 sí 30% ìwúwo igi gbígbẹ ni ti inú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ibẹ̀ ni sísúnkì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá gbẹ pátápátá, ó lè dín ní nǹkan bíi 8% tí a bá tẹ̀lé ìlà róbótó inú rẹ̀ yí po, nǹkan bí ìdajì ìyẹn láti àárín gbùngbùn sí èèpo, ṣùgbọ́n ní gígùn, kì í sábà ju 0.1 sí 0.2% lọ. Àìdọ́gba yìí ló ń mú kí pákó tẹ̀, tí gẹdú odindi sì ń là.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ara ilẹ̀kùn lèyí ti ń hàn jù. Nígbà òjò, á há mọ́ férémù, èjìká ni wọ́n á fi tì í kó tó pa dé. Wọ́n á pe káfíńtà, á fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá wá dé, ilẹ̀kùn kan náà á fi àlàfo sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó àárín ilẹ̀kùn. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kì í bọ̀, kó lè ráyè wú.

Awọ ìlù náà mọ omi. Bí ọ̀rinrin bá wọ awọ gángan, ó máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Onílù á sá a sóòrùn tàbí kó fi yáná kó lè le padà.

Ní ti ooru, ọ̀pá irin oní-mítà 12 tó kúrò ní 20°C dé 50°C á gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Aluminiọ́mù tó bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Irin àti kọnkéré ń fẹ̀ ní ìwọ̀n tó sún mọ́ra, oríire ńlá sì ni fún àwọn tó ń kọ́lé, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá irin inú òpó ì bá máa ya kọnkéré. Ní 1896, Charles Édouard Guillaume, ọmọ Switzerland, rí i pé irin tí a po mọ́ mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ nickel bíi 36% kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ rárá. Invar ni wọ́n ń pè é, Guillaume sì gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 1920. Afárá kò ṣe é fi Invar kọ́, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Àlàfo ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín abala kan àti èkejì, òun ni táyà ọkọ̀ máa ń dún gbì lórí rẹ̀.