Àlàyé Ọ̀rọ̀: Mala, Ìlẹ̀kẹ̀ Ẹ̀jẹ́ ní Ọrùn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Mala ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pe ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín fún iṣẹ́ ìsìn. Orúkọ kan ṣoṣo yìí bo nǹkan méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń dàrú. Èkínní ni mala tí a fi ń ka orúkọ Ọlọ́run, èyí tí ó ń wà lọ́wọ́ bí tẹ̀sùbáà ṣe ń wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí. Èkejì ni èyí tí a ń so mọ́ ọrùn, tí a kì í fi ka ohunkóhun. Èkejì yìí, tí àwọn olùjọsìn Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá Híńdù, ń pè ní kanthi, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí jù, nítorí òun ni ojú ń rí, òun náà sì ni àwọn tí kò mọ̀ dí ẹ̀sìn náà ń kà sí ẹ̀ṣọ́ lásán.

Kí a tètè sọ ti ọwọ́ kí a lè bọ́ sórí ti ọrùn. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni ó wà lára mala tí a fi ń kà, pẹ̀lú ẹyọ kan tí ó dá dúró, tí wọ́n ń pè ní meru. Bí ẹni tí ń gbàdúrà bá kà á dé ibi meru, kò gbọdọ̀ ré e kọjá; ńṣe ni yóò yí ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, tí yóò sì gba ibi tí ó ti wá. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kà á, ìka ìfábẹ̀lá kò sì gbọdọ̀ kàn án, ọ̀pọ̀ sì máa ń kì í bọ inú àpò aṣọ kékeré kí ojú má baà tó o. Wọ́n ní àlàyé púpọ̀ fún iye náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé àwọn awòràwọ̀ Híńdù pín ojú ọ̀run sí ibùdó òṣùpá 27, wọ́n tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì di 108. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hare Krishna, èyí tí A. C. Bhaktivedanta Swami Prabhupada dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1966, a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti ka mala náà yí po ní ìgbà 16 lójúmọ́, èyí tí ó jẹ́ pé wọn yóò pe ọ̀rọ̀ àdúrà wọn ní ìgbà 1,728 kí ọjọ́ tó parí.

Ti ọrùn yàtọ̀. Láàárín àwọn olùjọsìn Vishnu àti Krishna, ẹni tí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé Vishnu ni ó gbé ara ènìyàn wọ̀, igi tulasi ni a fi ń ṣe é. Ìbátan ẹfinrin wa ni tulasi, ìdílé ewéko kan náà ni wọ́n ti wá, òórùn àwọn méjèèjì sì fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń gbìn ín sí àgbàlá lórí pẹpẹ tí a mọ fún un, tí a ń bomi rin ín láàárọ̀, tí a sì ń tan fìtílà síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí wọ́n gbà pé abo òrìṣà tí Vishnu fẹ́ràn ni. Bí ewéko náà bá dàgbà, ìdí rẹ̀ a le bí igi. Ìlànà ni pé a kì í torí ìlẹ̀kẹ̀ gé èyí tí ó ṣì tutù; ìgbà tí ó bá kú tí ó sì gbẹ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, irú àwọn tí ó wà ní ìlú Vrindavan, yóò gbẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, tí wọn yóò dá a lu, tí wọn yóò sì sín in.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ń ṣe lọ́rùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ewé rẹ̀ ń ṣe lórí oúnjẹ. Oúnjẹ tí a bá fẹ́ gbé síwájú Vishnu, ewé tulasi ni a ń fi lé e lórí, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé Ọlọ́run kì í gba èyí tí kò bá sí ewé náà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba tulasi sí ọrùn, tí olùkọ́ rẹ̀, ìyẹn gúrù, sì so ó mọ́ ọn ní ọjọ́ tí ó gbà á sínú ìjọ, ti fi ara rẹ̀ sí ipò oúnjẹ ọrẹ: ó ti sọ pé ara yìí kì í ṣe tòun mọ́, àti pé ohun tí òun bá fi ọ̀fun yìí gbé mì, tàbí tí òun bá fi sọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè gbé síwájú Ọlọ́run.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn sí mi tó ìpínlẹ̀ Maharashtra, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, láàárín àwọn olùjọsìn Vitthal (orúkọ tí wọ́n ń pe Krishna níbẹ̀) tí a ń pè ní Varkari. Ìlú Pandharpur, ní etí odò Bhima, ni tẹ́ńpìlì Vitthal wà. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a máa fi ẹsẹ̀ rin ohun tí ó lé ní 200 kìlómítà lọ síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, tí a gbé bàtà mímọ́ àwọn akéwì wọn sí: ti Dnyaneshwar láti Alandi, ti Tukaram láti Dehu. Àwọn obìnrin kan a ru tulasi tútù nínú ìkòkò lórí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ níbẹ̀ pé ẹnì kan ti di Varkari, wọ́n á ní ó ti wọ mala, ọ̀rọ̀ sì parí, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn: kò ní jẹ ẹran, kò ní mu ọtí, yóò máa gbààwẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá tí òṣùpá ń kún àti ọjọ́ kọkànlá tí ó ń dín kù, yóò sì máa lọ sí Pandharpur. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà sídìí ẹran tàbí ọtí ní láti kọ́kọ́ bọ́ mala sílẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń dùn mí, tí n kò sì lè fò dá. Mala kan náà ni àgbẹ̀ àti ọ̀mọ̀wé ń wọ̀ lójú ọ̀nà Pandharpur, síbẹ̀ ìgbà kan wà tí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kò ṣí fún gbogbo wọn. Chokhamela, akéwì ọ̀rúndún kẹrìnlá, wá láti inú ìran tí àwọn yòókù kà sí aláìmọ́. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé, ìdí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà sì ni ibojì rẹ̀ wà títí di òní. Ó di ọdún 1947, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé Sane Guruji fi ààwẹ̀ gbèjà àwọn ìran bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní gbogbo ọ̀rúndún tí ó wà láàárín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yéé bá ìrìnàjò náà lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ́ mala ni ó wà títí ayé. Ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù, àwọn tí ó fẹ́ gun òkè Sabarimala lọ bá òrìṣà Ayyappa a máa wọ mala tulasi tàbí ti rudraksha, kóró igi kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ 41. Àgbà tí ó ti lọ rí ni ó ń fi sí wọn lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á yàgò fún ẹran, ọtí, ìbálòpọ̀ àti fífá irùngbọ̀n, aṣọ dúdú tàbí aṣọ aró ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀, gbogbo ènìyàn á sì máa pè wọ́n ní Swami, ìyẹn olúwa, ìbáà jẹ́ awakọ̀, ìbáà jẹ́ adájọ́. Bí wọ́n bá ti orí òkè dé, wọ́n á bọ́ ọ, olúkúlùkù á sì padà sí orúkọ rẹ̀.

Èyí jẹ́ kí a rí i pé òfin bíbọ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn tí ó ń tọ ọ̀nà Chaitanya, olùkọ́ ìjọsìn Krishna ní ilẹ̀ Bengal, kì í bọ́ tulasi ọrùn wọn, ìbáà jẹ́ nígbà ìwẹ̀ tàbí nígbà oorun. Nínú ìjọ Swaminarayan ní Gujarat, àti ọmọdé pàápàá ni a ń fi kanthi olókùn méjì sí lọ́rùn. Bí okùn bá já, a ó tún un sín. Ẹ̀jẹ́ kò bá okùn já.

Rudraksha, tí mo dárúkọ lókè, jẹ́ ti àwọn olùjọsìn Shiva, òrìṣà ńlá Híńdù mìíràn. Kóró líle inú èso igi kan ni, igi tí ó ń hù ní Nepal àti ní Indonesia, ìtàn wọn sì sọ pé omijé Shiva ni ó bọ́ sílẹ̀ tí ó di igi náà. Kóró náà ní ìlà tí ó pín in láti òkè dé ilẹ̀, iye ìlà ni wọ́n sì ń pè ní iye ojú rẹ̀. Olójú márùn-ún ni ó pọ̀ jù. Olójú kan ṣọ̀wọ́n gidigidi, owó rẹ̀ sì ga, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi ń fín ìlà èké sára kóró tàbí tí wọ́n ń lẹ kóró méjì pọ̀. Jíjù ú sínú omi láti wò ó bóyá yóò rì kò fi èké hàn, nítorí kóró gidi tí ó gbẹ lè léfòó, igi mìíràn sì lè rì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ fún ìsìn kò nílò èyí tí ó ṣọ̀wọ́n: olójú márùn-ún tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ọ̀pọ̀ olùjọsìn Shiva ń so mọ́ ọrùn.