Kí ni ìrònú lámèyítọ́, kí ló sì gbé e dé kíláàsì sàíkọ́lọ́jì?

Bí a bá ní kí ẹnìkan "lo ọpọlọ rẹ̀", ohun tí a sábà ń fẹ́ ni pé kó gbà pẹ̀lú wa. Ìrònú lámèyítọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ náà: lámèyítọ́ ni ẹni tó ń tú iṣẹ́ òǹkọ̀wé palẹ̀, tó ń wò ó bóyá ó dúró tàbí ó wọ́. Kí èèyàn wá ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ohun tí wọ́n sọ fún un, kó sì tún ṣe é fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, ìyẹn ni ìrònú lámèyítọ́. Apá kejì yìí ló le. Kì í sì í ṣe iyàn jíjà. Ẹni tó ń tako gbogbo ọ̀rọ̀ kò ronú ju ẹni tó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n máa fi sàíkọ́lọ́jì ọdún kìíní kọ́ ọ, ìyẹn ìmọ̀ tó ń wádìí bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí à ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń wá sí kíláàsì yẹn lọ́wọ́ òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lè má tíì ní èrò kankan nípa átọ́ọ̀mù kó tó dé, àmọ́ ta ni kò tíì mọ ìdí tí àbúrò òun fi ya olórí kunkun? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí olùkọ́ tó la ẹnu. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ìdáhùn yẹn ti ń tàn wọ́n.

Bertram Forer, olùkọ́ sàíkọ́lọ́jì kan, ṣe é lọ́nà tó ṣì ń dùn mọ́ mi, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1948. Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní ìdánwò kan, ó ní òun máa fi mọ irú ẹni tí oníkálukú jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó pín àbájáde fún wọn, orúkọ kálukú lórí tiẹ̀. Kí wọ́n kà á jẹ́ẹ́jẹ́, kí wọ́n sì fún un ní máàkì láti òdo dé 5: báwo ló ṣe bá ọ mu tó? Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ díẹ̀ nínú rẹ̀: o fẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ, kí wọ́n sì gba tìẹ, ẹ̀bùn tí o kò tíì lò pọ̀ nínú rẹ, lójú ayé o ń kó ara rẹ níjàánu, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, ọkàn rẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Wọ́n fún un ní 4.26, bí a bá da máàkì gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Forer wá ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sókè, ó ní kí ẹni tí irú rẹ̀ wà nínú ìwé tiẹ̀ na ọwọ́. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìwé kan náà ló fún gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ìwé ìròyìn ló sì ti ṣà á jọ.

Lójú tèmi, ẹ̀rín yẹn ṣiṣẹ́ ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ rí pé "ẹnìkan wà láàárín wa lónìí tí nǹkan kan ń dùn lọ́kàn", tí àyà rẹ̀ sì já, á mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Ta ni nǹkan kan kì í dùn lọ́kàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè pé "ṣé ó bá mi mu?" kò tíì béèrè nǹkan kan. Ta ni kò ní bá mu? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ta ayò kékeré kan. Peter Wason, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan, ló gbé e jáde lọ́dún 1960. Ó ní 2, 4, 6 tẹ̀lé òfin kan tó wà lọ́kàn òun. Ẹ máa dá nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta lábàá, òun á máa sọ bóyá ó bá òfin náà mu. 8, 10, 12? Bẹ́ẹ̀ ni. 20, 22, 24? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ti ń pariwo níbí: "Ẹ ń fi méjì-méjì kún un!" Rárá o. Òfin náà kò ju pé kí nọ́ńbà máa pọ̀ sí i. 1, 7, 300 náà bá a mu. Nínú èèyàn 29, 6 péré ló gbà á láì kọ́kọ́ ṣì í. Ohun tí àwọn yòókù ń ṣe ni pé wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá dá 2, 4, 7 lábàá, tó ń retí rárá, tó wá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, á mọ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣìnà.

Ẹṣin kan ní Berlin, Jámánì, ló sì jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń wá "rárá" náà. Hans Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Olówó rẹ̀ ni Wilhelm von Osten, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá ní kó ro 3 mọ́ 4, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á dúró. Ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1904, wọn kò rí màgòmágó kankan. Kódà bí von Osten kò bá sí níbẹ̀, Hans ṣì ń gbà á.

Oskar Pfungst, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó tún wá yẹ Hans wò, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ní kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn bi ẹṣin náà ní ìbéèrè, ọgbọ́n Hans sì tán. Ó bo ojú rẹ̀ kó má lè rí ẹni tó ń bi í, bákan náà ló rí. Àṣé ẹni tó ń béèrè máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí pátákò bá ti kan iye tó tọ́, orí ẹni náà á gbé sókè fíntínfíntín, òun alára ò ní mọ̀. Hans mọ̀. Pfungst tó rí àṣírí yìí pàápàá sọ pé òun ṣì ń ṣe é, bí òun tilẹ̀ ń gbìyànjú láti má ṣe é.

Lọ́dún 1907 ló gbé iṣẹ́ náà jáde. Von Osten kò gbà. Ó ń gbé Hans kiri Jámánì lọ ni, èrò sì ń wọ́ tẹ̀ lé e, títí ó fi kú lọ́dún 1909.