Ọgbẹ́ igi àti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Àkúrẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa fi rírẹ́wọ́ igi inú ìlú jẹun, kò ní í pẹ́ rí i pé ẹ̀rọ agégi kọ́ ni wàhálà. Títan ẹ́ńjìnì, pípọ́n ṣéènì, wíwọ akoto, ìwọ̀nba ọjọ́ ló ń gbà. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí, torí èèpo igi tó tutù ń yọ̀. Ẹ̀ka tó sún mọ́ wáyà iná kò tiẹ̀ gba àlàyé: títí ilé-iṣẹ́ iná yóò fi pa iná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun igi náà.

Nínú ètò tó dáa, kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó dákú sórí igi sọ̀kalẹ̀ ló ń ṣáájú gígun igi. Ó jọ pé wọ́n dorí ẹ̀kọ́ kodò, àmọ́ ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá rọ̀ sínú bẹ́líìtì láìmira, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa rọ́ sẹ́sẹ̀. Kò sì sí dókítà tó máa gun máńgòrò lọ bá a. Ọmọ adẹ́mu ló máa ń tètè mọ igi gùn, òun náà ló sì máa ń ṣòro kọ́ jù, torí igbà kan ṣoṣo ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ agégi lókè gbọ́dọ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ibi méjì. Ohun tó ń gé igi kò mọ okùn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí oníṣẹ́ igi nínú ni pé ọgbẹ́ igi máa ń jinná. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka bọ́rọ́ mọ́ ara igi, tí wọ́n á tún fi ọ̀dà tàbí ọ́ìlì dúdú pa á lójú. Igi kì í jinná. Alex Shigo, onímọ̀ igi ní Amẹ́ríkà, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi sí méjì kó tó fi èyí yé àwọn ènìyàn. Igi tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń jẹrà dà bí onílé tí ikán ti wọ yàrá rẹ̀ kan. Kò lè lé ikán jáde, nítorí náà ó mọ ògiri dí yàrá náà pa, ó sì ń kọ́ tuntun síta. Ilé ń gbòòrò, ikán ṣì wà ńbẹ̀. Inú ìwú tó yí ìdí ẹ̀ka po ni birikilà tó ń mọ ògiri yìí ń gbé. Ẹni tó bá gé ìwú náà mọ́ ẹ̀ka ti pa birikilà. Ẹni tó bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ikán.

Ojú mẹ́ta ni wọ́n ń gé ẹ̀ka ńlá sí. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ara igi. Wọ́n á wá gé e láti òkè, síwájú díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, kó lè já láìbó èèpo ara igi lọ. Ìkẹta ni wọ́n á fi mú kùkùté kúrò, ní ìta ìwú gan-an.

Àléébù ẹ̀kọ́ kíákíá nìyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó fún igi láti sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gé e dáadáa. Olùkọ́ tó gbọ́n á kó wọn lọ wo máńgòrò àti fúrúùtù tí àwọn ẹlòmíì ti gé tipẹ́ ní Alágbàká tàbí Òkè-Àró. Níbi tí wọ́n ti gé e dáadáa, igi tuntun á ti wú yí ojú ọgbẹ́ ká pátápátá. Níbi tí wọ́n ti gé e bọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló máa wú. Òkè àti ìsàlẹ̀ á ṣófo. Wọ́n á tún rí èyí tí wọ́n bẹ́ lórí, tí ọ̀mùnú hù bò. Èèpo òde lásán ni ọ̀mùnú wọ̀nyẹn dì mú, bí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá sì dé, orí páànù ni wọ́n ń já sí.

Oníbàárà kò mọ èyí. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣe bí ìyá onílé: "Ẹ bá mi bẹ́ ẹ lórí, kó má wó lu ilé mi." Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè fèsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bíbẹ́ lórí ló máa jẹ́ kó wó," tó sì là á yé wọn láìjà, kò tíì yege, bó ti wù kó mọ igi gùn tó.

Ìwé ẹ̀rí náà ì bá sì pín sí méjì: ọ̀kan lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, èkejì nígbà tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan wo ibi tó gé. Púpọ̀ wọn kò ní í padà, torí iṣẹ́ á ti gbé wọn lọ Èkó, àfi bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ dógò.